Orí Kì Í Fọ́ Àmúdàtù Lọ́jọ́ Sátidé

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Èkó
19 Fẹ́búárì, 1957

Hàwáwù, Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú ìtọ́jú aláìsàn, mo sì kí Mọ̀núrù ọkọ rẹ kú ìwé òfin tí ó ń kà. Ilé wà bí o ti fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ ń ta abọ́ rẹ̀ ní Jáńkárà, ó sì ń bá mi jà déédéé, nítorí náà mọ̀ pé ara rẹ̀ le. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tí ó ń dùn mí nígbà tí o ń lọ ti san. Ti òsì ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé kí oṣù tó parí ni ẹjọ́ kan tí ó wà láàárín èmi àti ìyá rẹ. A ti fẹnu kò pé ìwọ ni kí o dá a, nítorí ìwọ ni wọ́n ń kọ́ ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ Àmúdàtù ọmọ rẹ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ kíláàsì kẹta lẹ́yìn ọdún tuntun ni orí ti ń fọ́ ọ. Kì í ṣe ojoojúmọ́ o. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di òwúrọ̀ ọjọ́ ìwé, wàá rí i tí ó gbé àpò ìwé kọ́ ọrùn, tí ó jókòó sórí àpótí, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

Àná báyìí, mo ní, "Kí ló tún dé?"

Ó ní, "Bàbá, orí ló ń fọ́ mi."

Kí n tó sọ̀rọ̀, ìyá rẹ ti dáhùn láti ibi ìdáná: "Orí yẹn kò fọ́ lánàá nígbà tí o ń jẹ mọ́ín-mọ́ín kejì. Dìde."

Mo ní kí á fi ọmọ sílẹ̀ kí ó sinmi. Ìyá rẹ ní, "Bàbá Hàwáwù, ẹ ó ba ọmọ yìí jẹ́, ẹ ó sì ní èmi ni mo bà á jẹ́."

Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó bá mi fi òwú sí gbogbo abẹ́rẹ́ tí mo ní. Òwú tí èmi á fi ẹnu lá títí tí kò ní wọlé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń wọlé fún òun. Kí oòrùn tó dé àtàrí, orí ti san. Ìyá rẹ bọ̀ láti ọjà, ó bá àwa méjèèjì níbi tí a ti ń jẹ ẹ̀pà, ó wò wá láti òkè dé ìsàlẹ̀. O mọ ìwò yẹn.

Òtítọ́ ni pé ohun kan wà tí ó ń dí mi lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ mi, n kò ní fi pamọ́ fún ọ. Orí kì í fọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí ó bá lọ sí ilé kéú, orin ló máa ń kọ padà wálé. Ibi yìí ni ìyá rẹ di mú. Ó ní ọ̀lẹ ni. Èmi ní àìsàn tí ó ní ọjọ́ tirẹ̀ ni. Tíṣà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adébáyọ̀, ti ránṣẹ́ sí wa pé ọmọ tí ó ga jù nínú kíláàsì òun ni òun kì í sábà rí. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé gíga yẹn kì í ṣe ẹ̀bi mi, ìyá àgbà rẹ̀ ló fi jọ.

Nítorí náà, sọ fún wa: àìsàn wo ló tó kí ọmọ jókòó sílé, èwo ni kò tó? Kọ ọ́ lọ́nà tí yóò yé ìyá rẹ nígbà tí mo bá kà á fún un. Bí ìdájọ́ bá gbè mí, fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́. Bí ó bá gbe ìyá rẹ, o lè kọ ọ́ wẹ́wẹ́.

Bí o bá rí àlùmọ́gàjí tí ó mú dáadáa lọ́jà yín, má gbàgbé bàbá rẹ.

Èmi ni,
Bashiru aránṣọ, tí ó bí ọ.


Lọ́ńdọ̀nù
4 Máàṣì, 1957

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà lóòótọ́, nítorí iná tí a ń yá nínú yàrá wa, ilẹ̀ ló wà, ẹni tí ó bá dìde dúró yóò gbọ̀n. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó ọmọ, ẹ kú ẹsẹ̀ òsì. Mo kí ìyá mi. Ẹ sọ fún wọn pé mo fẹ́ràn ìwò yẹn, mo sì ń lò ó fún àwọn aláìsàn tí kò fẹ́ gbé oògùn mì. Ó ń ṣiṣẹ́.

Mo ka ìwé yín fún Mọ̀núrù. Ó ní òun kò tíì rí agbẹjọ́rò tí ó ń bá ẹlẹ́jọ́ jẹ ẹ̀pà kí ó tó dé iwájú adájọ́.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan ná. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo sọ fún yín lọ́jọ́ kan pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ ní ẹ̀yìn kọ́ ni wọ́n fi ń kàwé, ẹ sì tì mí jáde. Bàbá yẹn dà? Èmi fẹ́ kọ̀wé sí i.

Ìdájọ́ nìyí. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí ó bá ń bì, tàbí bí ó bá ń ṣu omi, ẹ fi í sílé títí yóò fi san dáadáa, kì í ṣe títí ojú rẹ̀ yóò fi dán. Bí nǹkan bá sú sí i lára, tàbí tí ojú rẹ̀ pọ́n tí ó ń ṣe ipin, ẹ fi í sílé nítorí ọmọ ẹlòmíràn tí yóò kó o ràn. Ẹ má sọ pé àwọn náà ló kó o ràn án. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ikun kàn ń dà nímú rẹ̀, tí ó ń jẹun, tí ó ń sáré, ilé ìwé ni. Orí tí ó ń fọ́ lẹ́yìn ìrun àárọ̀ tí ó ti san kí ẹ tó wa ẹ̀rọ, ilé ìwé náà ni. Ẹ rí i pé n kò kọ ọ́ wẹ́wẹ́.

Dáfídì ará Láfíàjì tí ó ń gbé òkè yàrá wa ń bọ̀ nílé nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́sẹ̀ yìí. Mo fún un ní àlùmọ́gàjí yín, àti tẹ̀mómítà kan. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ fi í sí abẹ́ apá ọmọ náà kí ẹ dúró díẹ̀. Bí okùn fàdákà inú rẹ̀ bá kọjá àmì pupa, ara gbóná nìyẹn. Bí kò bá kọjá, ẹ fún un ní àpò ìwé rẹ̀.

Mo ń fi yín ṣeré, Bàbá. Ohun tí ó wà nínú mi ni pé, láti àárọ̀ di alẹ́, ọrùn ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn. Ẹ bá mi fi tiyín kan ti ọmọ tèmi.

Hàwáwù yín.


Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Èkó
8 Épírì, 1957

Àbẹ̀ní,

A kí ọ kú ààwẹ̀. Ẹnu mi gbẹ bí mo ti ń kọ ìwé yìí, nítorí náà, bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbẹ, ààwẹ̀ ni. Bàbá tí o fẹ́ kọ̀wé sí nípa ẹ̀yìn dídùn ti kó kúrò níbí. Ẹni tí ó ń gbé ilé rẹ̀ báyìí jẹ́ bàbá àgbà, ìwà wọn kò jọra.

Dáfídì dé. Ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ṣọ́ọ̀bù mi títí tí mo fi bẹ̀ ẹ́ kí ó dìde kí àwọn oníbàárà lè rí ọ̀nà gbà. Àlùmọ́gàjí náà mú tí ó fi jẹ́ pé aṣọ ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tẹ̀mómítà ni kí o gbọ́. Mo fi í sí abẹ́ apá Àmúdàtù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò kọjá àmì. Mo fún un ní àpò ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ti wí, ó lọ, kò ṣe ẹnu ṣọnṣọ. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín sí mi, mo rẹ́rìn-ín padà. Ṣùgbọ́n Kàsímù akọ̀wé, aládùúgbò wa, wá gba ṣòkòtò rẹ̀, ó rí ìgò náà lórí tábìlì, ó ní kí n wo òun náà wò. Mo wò ó. Inú rẹ̀ dùn tí ó fi sọ fún gbogbo agboolé. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti di dókítà Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, àwọn ènìyàn ń bọ́ ẹ̀wù ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí n wọ̀n wọ́n.

Bí ìyá rẹ ti dé, ó béèrè iye abíyá tí nǹkan náà ti wọ̀. Mo ní n kò kà á. Ó ní ohun tí ó ti wọ abíyá Kàsímù kò ní wọ ti ọmọ òun láìfọ̀. Ó gbé omi kaná, ó hó, ó sì jù ú sí i. A gbọ́ pọ́ọ̀. Fàdákà inú rẹ̀ dà sílẹ̀, ó di wóró wóró. Ìyá rẹ gbé ìgbálẹ̀ tì í, ó ń sá, bí ó bá ti kàn án, á pín sí méjì, á gba ọ̀nà méjì. Kàsímù ló fi páálí kó o dànù. Ìyá rẹ wá dúró, ó ní, "Gíláàsì wo ni kò gbọdọ̀ wẹ omi gbóná, nígbà tí àwọn tí wọ́n ṣe é ń fi omi gbóná wẹ̀ ní ojoojúmọ́?" Mo ní kí ó bi ọ́. Ó ní kí n bá òun bi ọ́. Mo ti bi ọ́.

A ti padà sí ẹ̀yìn ọwọ́. Ibà mú ọmọ náà lọ́sẹ̀ kan, ara rẹ̀ gbóná bí ojú ààrò, ó sì ń bì. Èmi àti ìyá rẹ kò jiyàn rárá, a fi í sílé, a fún un ní oògùn, ó san. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ara wa mọ́ nítorí ìrẹ́pọ̀. Ọjọ́ tí ó yẹ kí ó padà sí ilé ìwé ni orí tún bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ nìkan ni mo fẹ́ sọ èyí fún. Mo bá ọmọ náà ṣe àdéhùn kékeré. Ọjọ́ tí orí bá fọ́ ọ, yóò bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù títí tí yóò fi rọlẹ̀, lẹ́yìn náà yóò lọ. Ìgbà mìíràn ó máa ń lọ. Ìgbà mìíràn a máa ń gbàgbé. Ìyá rẹ kò mọ̀. Má fèsì sí ibi yìí, nítorí èmi ni mo ń ka ìwé rẹ fún un, n ó sì ní láti fo ó, ó sì máa ń mọ̀ bí mo bá fo nǹkan.

Bàbá rẹ,
Bashiru.


Lọ́ńdọ̀nù
29 Épírì, 1957

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìtúnu. Ẹ sọ fún ìyá mi pé n kò rí èsì sí ìbéèrè omi gbóná, mo sì ti bi ọ̀gá wa obìnrin, òun náà kò rí èsì.

Ìwé méjì ni mo gbà. Ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ yín wá, mo fi í rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá aláìsàn fi ní kí n tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún òun. Èkejì ti ọ̀dọ̀ ìyá mi wá. Wọ́n lọ bá Kàsímù pé kí ó bá wọn kọ ọ́. Wọ́n ti mọ̀ nípa àdéhùn yín tipẹ́, Bàbá. Ẹ̀pà ló sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ bá yín fa ọ̀rọ̀ nínú ààwẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ tẹ̀lé e ni kò pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Ọ̀gbẹ́ni Adébáyọ̀ sọ pé bí Àmúdàtù bá ń bá a lọ báyìí, yóò tún kíláàsì kẹta kà. Wọ́n ní ó máa ń jókòó bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí ó kàwé, á dákẹ́. Ìwé tí ìjọba sọ di ọ̀fẹ́, tí gbogbo Èkó ń tì wọlé sí, ọmọ tèmi ń sá fún un.

Èmi àti Mọ̀núrù ti jọ sọ̀rọ̀. Obìnrin òyìnbó kan wà ní Kẹ́ńtì, lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń bá àwọn ènìyàn wa tọ́jú ọmọ. Ilé rẹ̀ mọ́, mo lọ wò ó. A rò pé kí Àmúdàtù wá. Ọkọ̀ kan yóò gbéra ní Èkó nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ẹni tí a mọ̀ sì lè mú un lọ́wọ́ wá. A gbọ́dọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ lésì kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Júláì tó parí.

Bàbá, kì í ṣe ìjà. Mo mọ ohun tí ẹ ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní lọ sí ilé ìwé lọ́dọ̀ yín nítorí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù, ó sàn kí ó lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ fèsì kíákíá.

Hàwáwù.


Lọ́ńdọ̀nù
10 Júùnù, 1957

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí ó jẹ gbèsè, n kò rí ìwé yín. Ẹ kì í pẹ́ báyìí.

Mo ti ka ohun tí mo kọ sí yín lọ́kàn mi ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn, ó ti ẹnu ẹni tí kò sùn jáde. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìbínú náà sínú ìwé kí n rí i kà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Tàbí ara ọmọ ni kò yá? Tàbí ẹsẹ̀ yín ni? Mọ̀núrù ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní aránṣọ kì í tètè dáhùn. Mo ní aránṣọ tí ó bí mi kò fi aṣọ ọdún ẹnikẹ́ni falẹ̀ rí.

A kò tíì fún àwọn ọlọ́kọ̀ lésì. Mo ní kí á dúró dè yín.

Ọmọ yín,
Hàwáwù.


Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Èkó
24 Júùnù, 1957

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Ara mi le, ara ọmọ le, ara ìyá rẹ le jù wá lọ. Fọkàn balẹ̀. N kò kú, n kò sì sọ ìwé rẹ nù. Mo fẹ́ mọ ohun tí n ó kọ kí n tó kọ ọ́ ni. Jókòó, nítorí ó gùn.

Ìwé rẹ dé lẹ́yìn ọdún ìtúnu. Mo kà á fún ìyá rẹ, mo fo Kẹ́ńtì. Ó mọ̀ pé mo fo nǹkan, kò bi mí. Inú bí mi. Mo kọ èsì kan, mo fà á ya. Mo tún kọ òmíràn, mo tún fà á ya, nítorí nígbà tí mo kà á, mo rí i pé kò sí ohun tí o sọ tí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo wá bá ara mi sọ ọ́ pé ọmọ yìí yóò lọ sí ilé ìwé lójoojúmọ́ láti òní lọ, kí orí fọ́, kí orí má fọ́.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè tí ó tẹ̀lé e, ó jókòó sórí àpótí. "Bàbá, orí ń fọ́ mi." Mo fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó tutù. Mo ní, "Dìde, èmi náà ń bọ̀." Mo fà á lọ́wọ́. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò pariwo, omi kàn ń dà lójú rẹ̀ ni. Bí ó bá pariwo ni, ìbá rọrùn fún mi. Nígbà tí a ya sí ọ̀nà ilé ìwé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, obìnrin alágbàfọ̀ kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó wé gèlè funfun. Àmúdàtù kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ káàárọ̀ o." Ó rò pé ìyá rẹ ni. Ìyá rẹ tí a fi sílẹ̀ nílé. Mo rò pé ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín kí n lè dá a padà ni, mo sì tún le ojú sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Adébáyọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó sì rẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ inú kíláàsì náà kún bí ẹ̀wà inú àpò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa jókòó díẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín rí i." Ó fi mí sí ẹ̀yìn pátápátá, lórí bẹ́ǹṣì tí Àmúdàtù wà, orúnkún mi sì kan àgbọ̀n. Àwọn ọmọ ń wẹ̀yìn wò mí bí ẹni pé èmi ni ọmọ tuntun.

Ó kọ nǹkan sára bọ́ọ̀dù, ó kún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn kọ ọ́ sínú síléètì. Mo wo ọmọ rẹ. Ó fún ojú pọ̀ bí ẹni tí èéfín wọ̀ lójú. Ó gbé orí sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì. Lẹ́yìn náà ó wo síléètì ọmọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń dà á kọ. Mo rọra bi í létí, mo ní, "Kí ló dé tí o kò wo ohun tí tíṣà kọ?"

Ó ní, "Bàbá, wọn ò tíì kọ nǹkan kan."

Hàwáwù, ẹfun kún bọ́ọ̀dù náà.

N kò mọ bí mo ti dìde. Mo ní, "Tíṣà, ẹ forí jì mí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí rìn lọ síwájú, kí ó kà á níbi tí ó bá ti rí i." Ó ní kí ó bọ̀. Ó ń rìn, kò sọ nǹkan. Ó kọjá ìdajì kíláàsì, kò sọ nǹkan. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí imú rẹ̀ kan bọ́ọ̀dù ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ṣì í, bí ẹni tí ebi ìwé ti ń pa tipẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Adébáyọ̀ gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo gbé e sẹ́yìn ní Jánúárì, nítorí pé ó ga." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń jókòó níwájú.

A lọ sí ọsibítù. A lọ, wọ́n ní kí á padà wá, a padà lọ. Dókítà ojú ní ohun tí ó bá wà nítòsí, ó ń rí i ju èmi àti ìwọ lọ. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ kò fi ṣòro fún un, tí wàláà ilé kéú kò sì ṣòro, nítorí orí itan rẹ̀ ló wà. Ohun tí ó bá jìnnà ni kò rí, ó ti ń fi agbára wò ó láti àárọ̀ di ọ̀sán, òun ló ń fọ́ ọ lórí. Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tí kò sọ fún wa pé òun kò rí bọ́ọ̀dù. Ó ní òun rò pé bí ó ti rí fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, pé àwọn tó kù kàn mọ̀wé ju òun lọ ni.

Mo sọ fún ìyá rẹ. Kò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Ó pe ọmọ náà, ó gbé e lé ẹsẹ̀, gíga rẹ̀ náà, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí. Ó ní, "Mo pè ọ́ ní ọ̀lẹ." Ọmọ náà ní, "Kò burú, Ìyá. Bàbá ló ń fún mi lẹ́pà."

Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó jàre nínú ẹjọ́ wa. Ká ní mo fi í sílé lójoojúmọ́, kò ní san. Ká ní ìyá rẹ lé e lọ lójoojúmọ́, kò ní san. Òfin rẹ dára, n kò tako ìkankan nínú rẹ̀, ó sì ti bá wa ṣe ọ̀rọ̀ ibà yanjú. A kàn gba ọmọ gbọ́ jù tàbí a kò gbà á gbọ́ tó, kò sí ẹni nínú wa tí ó bi í pé níbo ni orí náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdè tí ó kọjá ni a gba awò ojú rẹ̀. Mo ní kí á gba Màrínà padà sílé kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wa. Ó ń wo ohun gbogbo, ó ń dá mi dúró. Ó ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ilé báńkì sókè réré. Ó ní òun rò pé àwọ̀ lásán ni Àpápá, òun kò mọ̀ pé ilé wà níbẹ̀. Bí a ti dúró sétí omi, ọkọ̀ ńlá kan ń jáde lọ, ó ń kọjá níwájú wa, àwọn èrò sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń juwọ́. Ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni màmá mi ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ti àwọn wọ̀nyẹn. Ó ń ju ìborùn rẹ̀ sí ọ títí ọkọ̀ fi kọjá."

Ó ní, "N kò rí wọn, Bàbá. Ẹ ní kí n juwọ́, mo juwọ́. Mo rò pé omi la ń kí."

Bí mo ti gbọ́ ọ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sí ọ.

Ọ̀rọ̀ Kẹ́ńtì kù. Ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ ni ọmọ, èmi kò ní dì í mú. Bí ẹ bá ní kí ó wá, n ó rán aṣọ òtútù fún un pẹ̀lú ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè fi í sílẹ̀, ilé ìwé ni yóò máa lọ. Òun gan-an ló ń jí mi láàárọ̀ báyìí.

Bàbá rẹ.


Lọ́ńdọ̀nù
2 Júláì, 1957

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ lónìí. Ẹ kú ọjọ́ ilé ìwé, ẹ kú ọsibítù, ẹ kú bẹ́ǹṣì tí ó mú orúnkún kan yín lágbọ̀n. Ẹ bá mi kí ìyá mi, kí ẹ sọ fún wọn pé èmi tí mo ń kọ́ nọ́ọ̀sì, mo kà pé orí ń fọ́ ọmọ, abíyá ni mo ní kí ẹ wò. Nítorí náà kí wọ́n má dá sunkún.

Ibi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ ni mo ti ka ìwé yín, kí n tó wọlé síṣẹ́. Mo ka ti tíṣà, mo ka ti ẹ̀pà, mo rẹ́rìn-ín. Mo dé Màrínà, n kò lè wọlé. Ọ̀gá wa bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

A ti sọ fún obìnrin Kẹ́ńtì pé a dúpẹ́. Àmúdàtù yóò dúró lọ́dọ̀ yín. Mo fún Mọ̀núrù ní ìwé náà láti kà, ó lọ pe àwọn ọlọ́kọ̀ lórí fóònù fúnra rẹ̀, kò dúró kí n béèrè.

Bí ó bá tún ní nǹkan ń dun òun, ẹ fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ ná, òfin kò yí padà. Bí ọrùn bá tutù, kí ẹ tó lé e lọ tàbí kí ẹ tó gbé àpótí fún un ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ bi í pé ibo ló ti bẹ̀rẹ̀ àti kí ló ń ṣe nígbà náà. Ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan. Bàbá, ó lè jẹ́ ọ̀lẹ nígbà mìíràn, ọmọ mi ni.

Ìdánwò ìkẹyìn mi bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ń bọ̀. Bí Ọlọ́run bá gbà bẹ́ẹ̀, bí mo bá yege, ọkọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ gbéra lẹ́yìn rẹ̀ ni màá wọ̀. Mọ̀núrù yóò tẹ̀lé mi nígbà tí ó bá parí tirẹ̀. Màá sọ ọjọ́ náà fún yín. Ẹ mú un wá sétí omi. Ẹ má tọ́ka mi sí i, Bàbá, ẹ má sì sọ fún un irú aṣọ tí mo wọ̀. Bí ó bá kọ́kọ́ juwọ́ sí obìnrin mìíràn, ẹ má bá a wí. Ẹ jẹ́ kí ó máa wá mi kiri nínú èrò. Ibi tí mo bá wà ni màá dúró sí títí tí yóò fi rí mi.

Hàwáwù.